Ọ̀kadà Orí Omi Náà Nílò Nọ́ńbà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Lagos Mainland wà nínú wọn, inú Lagos Mainland sì ni Èbúté Mẹ́ta wà. Àwa tí a máa ń gun ọ̀kadà láti Oyíngbò dé Adékúnlé di ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. A kò fẹ́ tún àríyànjiyàn yẹn dá sílẹ̀ o. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ la fẹ́ kí ẹ rántí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìmọye ọ̀kadà ń rìn láìní ìwé, láìní nọ́ńbà tó ṣeé kà, láìní ìnṣọ́ránsì kankan tí ẹni tí wọ́n bá gbá lè rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ, ìjọba kò dúró wo ta ni ẹni rere, ta ni ẹni burúkú. Wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀, wọ́n fi katakata rún wọn.

Ọ̀kadà mìíràn ti wà lórí omi báyìí. Jet ski là ń sọ. (Ní tòótọ́, orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ Kawasaki ni Jet Ski láti àwọn ọdún 1970. Yamaha ń pe tiwọn ní WaveRunner, Sea-Doo sì ni tàwọn ará Kánádà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ jet ski lẹ́nu wa.) Ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àsìkò ọdún, wọ́n máa ń gbéra láti apá Ìkòyí, Victoria Island àti Lekki lọ sí Tarkwa Bay àti Ilàṣẹ. Àwọn mìíràn á yí wọ inú ọ̀sà, ọ̀sà yẹn kan náà ló sì wà lẹ́yìn ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta. Ohun tí a ní láti sọ kò le: kí gbogbo jet ski tó bá kan omi Èkó ní nọ́ńbà tí apẹja lè kà láti inú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì ní ìnṣọ́ránsì tó máa san owó fún apẹja yẹn tí wọ́n bá gbá a. Méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹni tí kò bá mọ omi Èbúté Mẹ́ta lè rò pé pápá ìṣeré ni. Orúkọ àdúgbò wa gan-an, omi ló fún un. Kí wọ́n tó ṣe afárá Carter àkọ́kọ́ ní 1901, ọkọ̀ àjẹ̀ ló ń gbé èèyàn àti ẹrù láti ìhà ibí kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Títí di òní, omi yẹn kò ṣófo. Àwọn apẹja Mákòókó, Ègùn àti Ìlàjẹ, ń na àwọ̀n sí i lọ́sàn-án àti lóru. Àwọn tó ń wa yanrìn ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún débi pé díẹ̀ ló kù kí omi wọlé. Ní Oko Bàbá, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń so igi gẹdú pọ̀ tí wọ́n ń fà á lórí omi wá síbi tí wọ́n ti ń là á. Ìjọba ti ń ṣètò láti kó àwọn onípákó lọ sí Àgbowà, ṣùgbọ́n ìtì igi tó ti já kúrò nínú ìdì kì í bá ẹnikẹ́ni kó lọ. Abẹ́ omi ló máa ń wà, orí rẹ̀ á yọ díẹ̀, bí ọ̀nì.

Ẹ wá fi ẹ̀rọ yìí sí àárín wọn. Jet ski ńlá ti òde òní lè sáré dé nǹkan bí kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan. Kò ní ìtọ́kọ̀ bíi ti ọkọ̀ ojú omi yòókù. Omi ló ń fà mu láti abẹ́, tó sì ń tú u jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára. Ibi tí awakọ̀ bá darí omi yẹn sí ló ń mú kí ó yà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògbólógbòó rẹ̀ kì í gbọ́ràn mọ́ ní kété tí èèyàn bá ti ju iná sílẹ̀. Ẹni tí kò gùn ún rí, tó ṣàdédé rí ọkọ̀ apẹja níwájú, ohun tí ara máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó ju iná sílẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀, ó yí ọwọ́, ẹ̀rọ náà sì ń lọ tààrà.

Ká ní ó gbá ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ là sí méjì, ẹ́ńjìnnì Yamaha tí bàbá yẹn ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ rì, àwọ̀n bá a lọ, apá rẹ̀ kan sì kán. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ta ló máa sanwó? Ẹni tó gùn ún ti dẹ́rù ba ara rẹ̀, ó ti yí padà, ó ti lọ. Àwọn tó rí i ní pupa ni, àwọn kan ní ó ní ilà funfun lára. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá? Jet ski pupa? Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ẹ̀rọ yìí kò sì ní orúkọ.

Lórí ilẹ̀, a ti kọjá ibẹ̀ yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ wa ṣì ń gbọ̀n. Ọkọ̀ aládàáni tó bá jáde sí títì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì third party. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, owó rẹ̀ ti kúrò ní ₦5,000, ó ti di ₦15,000, ohun tí wọ́n sì lè san fún dúkìá ẹni tí wọ́n bá gbá lè tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. A mọ̀ pé ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nígboro. Síbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ bá gbá lè kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi fóònù wò ó nínú àkójọ àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bóyá ojúlówó ni. Nọ́ńbà yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Òfin third party ti ọkọ̀ ilẹ̀ kò wọnú omi, jet ski tí kò sì ní nọ́ńbà kò fún wa ní ohunkóhun tí a lè fi wá a nínú àkójọ kankan. Ẹ ronú sí i: bọ́ọ̀sì kórópe tó ti gbó, tí kò lè sáré, ó ní nọ́ńbà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó lágbára ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ wà lórí omi, ara rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun, orúkọ Yamaha nìkan ló wà lára rẹ̀.

Ṣé kò sí ẹni tí wọ́n lè lọ bá láti forúkọ sílẹ̀ ni? Ó wà. Wàhálà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n pọ̀ jù. Òfin tó dá NIWA sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi inú ilẹ̀, ti wà láti 1997, olú ilé iṣẹ́ wọn sì wà ní Lọ́kọ́já. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2008, ó dá LASWA sílẹ̀. Bí NIWA ṣe ń béèrè owó ni LASWA náà ń béèrè. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn ṣe afẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa yanrìn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, wọ́n ní kí adájọ́ sọ fún àwọn, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó lọ́wọ́ àwọn? Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọlọ́kọ̀ afẹ́ fúnra wọn ló béèrè. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2014, ilé ẹjọ́ dá ìjọba àpapọ̀ láre. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje 2017, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ó dá Èkó láre. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tún yí i padà, ó ní ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àkóso omi wọ̀nyí wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjìlá! Ọmọ tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde girama nígbà tí wọ́n dá a.

Láàárín ọdún méjìlá yẹn, àwáwí onítọ̀hún rọrùn: èmi kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá. Lójú wa, àwáwí yẹn ti kú láti 2024. Òfin 1997 fún NIWA lágbára láti yẹ ọkọ̀ inú omi wò, kí ó sì fún un níwèé. Ní 2024 kan náà, Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi òkun, Adégbóyèga Oyètọ́lá, ṣí aṣọ lójú ìwé ìlànà ìrìnnà orí omi inú ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan dúró ní èbúté, kí ó sì béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gun ẹ̀rọ olówó ńlá, pẹ̀lú ohùn tó máa fi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wa ọkọ̀ èrò. A mọ ìlú wa. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti máa ń ṣòro.

Ó yá, ìnṣọ́ránsì. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan máa ń rẹ́rìn-ín tí a bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní ta ló ń ṣe ìnṣọ́ránsì jet ski ní Nàìjíríà? Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe àjèjì sí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò o. Kódà, láti orí ọkọ̀ òkun àti ẹrù inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gan-an ti gbilẹ̀ láyé. Apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ọ̀kan ń dáàbò bo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: tó bá rì, tó bá jóná, tí wọ́n bá jí i gbé. Èkejì ń dáàbò bo ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ náà bá ṣe léṣe, òun àti dúkìá rẹ̀. Bí ẹ bá bi olówó léèrè, ti àkọ́kọ́ ló máa ń ká a lára, nítorí owó ńlá ló fi rà á. Ti èkejì ni à ń jà fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìdáàbò bò, tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa bá a sunkún. Apá bàbá apẹja kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tẹ́tẹ́ ta.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bá fún èèyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ kà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ kéékèèké sí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ohun tí wọn kò ní sanwó fún: eré ìje, awakọ̀ tó ti mutí yó, awakọ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ, ẹ̀rọ tí wọn kò tọ́jú. Pàtàkì jùlọ ni èyí: tí èèyàn bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé fún ìgbádùn ara òun àti ìdílé òun ni, tó wá ń fi háyà fún àwọn èèyàn létí òkun, ìwé náà ti di bébà àkàrà. Ìnṣọ́ránsì dúró lórí òótọ́ tí èèyàn bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sì dúró lórí owó. Òfin 2003, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò ní 2025, sọ ọ́ gbangba pé láìsanwó, kò sí ìnṣọ́ránsì. “Màá san án tí oṣù bá parí” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kàwé jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ máa ń fi jet ski tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ǹténà pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀yin náà la ń bá wí. Ẹ̀rọ tó bá ti ọ̀hún wá máa ń ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fín sí i lẹ́yìn, lẹ́tà àti òǹkà méjìlá lápapọ̀. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó sanwó. Ẹ rí i pé ó bá èyí tó wà nínú ìwé ẹni tó tà á fún yín mu, ẹ sì rí i pé òun kan náà ló wà nínú ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun àti rìsíìtì kọ́sítọ́ọ̀mù. Tí ìwé wọ̀nyí kò bá bára mu, kí lẹ máa fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú NIWA tàbí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé ẹ̀yin lẹ ni ín? Àbúrò yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ló máa jìyà ẹ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? A kò lówó jet ski, ṣùgbọ́n a lówó ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ ìbí, ìparí ìdánwò, a ó dáwó jọ, a ó lọ sétí òkun. Wọ́n á gbé bébà kan jáde pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ọrùn ara wa ló wà. À ń fọwọ́ sí i, a kì í kà á. Bébà yẹn lè dáàbò bo ẹni tó háyà ẹ̀rọ fún wa. Apẹja tí a bá gbá kò fọwọ́ sí bébà kankan. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gùn ún, kí ó wo ara ẹ̀rọ náà bóyá ó ní nọ́ńbà, kí ó béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ háyà, kí ó sì rí i pé okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má wà níbi tí wọ́n gbé e kọ́. Okùn yẹn ni yóò pa ẹ̀rọ tí èèyàn bá já bọ́. Bí wọ́n bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìbéèrè yìí, owó wa ṣì wà lápò wa.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin 2024, òṣèré Nollywood, Junior Pope, kú sínú odò Ọya nítòsí Asaba nígbà tí ọkọ̀ tó gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fíìmù ní ìjàǹbá. Kò wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Gbogbo wa ló sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀wù yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì kò pọ̀ lẹ́nu wa nígbà yẹn. Ọkọ̀ èrò tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni a sábà máa ń rò pé òfin omi wà fún, bí ẹni pé omi máa ń béèrè kí ó tó gbé èèyàn mì.

Àwọn kan á ní àwọn òyìnbó gan-an kì í ṣe é. Òótọ́ ni, dé ààyè kan. Ní Florida, níbi tí jet ski pọ̀ sí, òfin kò fipá mú ẹni tó ni tirẹ̀ pé kó ra ìnṣọ́ránsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe: nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FL gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní gàdàgbà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọ́dọ̀ wà á, ẹni tí kò tíì pé 18 kò lè háyà rẹ̀, kò sì sí gígùn ún lóru. Ní Bìrìtìkó, láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2023, ẹni tó bá fi jet ski ṣe wèrè lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò ní òdiwọ̀n. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá gbá rí ilé ìwòsàn, ó rí agbẹjọ́rò, ó rí ọlọ́pàá tó máa wá ẹ̀rọ náà kàn. Apẹja Mákòókó kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tó dájú. Nítorí náà, ti wa gbọ́dọ̀ le ju tiwọn lọ lórí ìnṣọ́ránsì. Kò yẹ kí a máa dúró de òyìnbó kí ó tó ṣe é.

Àtakò kan wà tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ará etí omi mọ ìjọba dáadáa. Ní Mákòókó, láti 2012 títí di ẹnu àìpẹ́ yìí, ìgbà tí ìjọba bá dé pẹ̀lú òfin, ilé ni wọ́n sábà máa ń wó. Tí a bá ní kí wọ́n máa forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ta ló dá wa lójú pé wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ àjẹ̀ tí màmá kan fi ń ta búrẹ́dì láàárín ilé orí omi? Ẹ̀rù yìí bà wá náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ ní kedere: ẹ̀rọ ìgbádùn ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Ẹni tó lè ra epo kún jet ski lọ́jọ́ Sátidé lè san owó nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà kò gbọ́dọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Tí NIWA bá gbé ìlànà jáde tó kó àwọn méjèèjì pọ̀, àwa tí a kọ èyí ni yóò kọ́kọ́ kọ òdì kejì rẹ̀.

Owó tí wọ́n bá ń gbà náà ńkọ́? Kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, níbì kan, pẹ̀lú rìsíìtì. Kí àmì rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, kí àwọ̀ rẹ̀ máa yí padà lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni lè mọ èyí tó ti gbó. NIWA àti LASWA lè pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn bó ṣe wù wọ́n; ilé ẹjọ́ ti sọ ẹni tó láṣẹ, ṣùgbọ́n LASWA ló wà ní èbúté, òun ló mọ ojú àwọn ọlọ́kọ̀. Kí nọ́ńbà náà tóbi tó ohun tí èèyàn lè kà lókèèrè. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù kan sí ara pátákó ní Oko Bàbá, ní Mákòókó àti ní Ìdó, ní Yorùbá àti ní Ègùn, èyí tí apẹja lè pè kí ó sọ pé: pupa ni, ilà funfun ló ní, nọ́ńbà rẹ̀ rèé.